Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: sísọ id integer di bigint lójú èrò, tí owó ṣì ń wọlé

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni àfihàn ojú ẹsẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 45 ní àpéjọ PostgreSQL, ètò dátábéésì. Ìṣẹ́jú 20 péré ni àfihàn fúnra rẹ̀ ní. Àlàyé àti ìbéèrè ló ni ìyókù. A ó mú tábìlì kan tí òpó `id` rẹ̀ jẹ́ `integer`, a ó sì sọ ọ́ di `bigint` (irú nọ́ńbà tó gba iye tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ) nígbà tí ìlà tuntun ń wọ inú rẹ̀ ní ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

`integer` kò lè ju 2,147,483,647 lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ibi tí nọ́ńbà yìí parí sí ni Basecamp 3, ètò ìṣàkóso iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọlu: fún bíi wákàtí márùn-ún, àwọn oníbàárà lè ka ohun tó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n wọn kò lè kọ nǹkan kan sí i. Ẹ má sì rò pé tábìlì gbọ́dọ̀ ní ìlà bílíọ̀nù méjì kó tó dé bẹ̀. Gbogbo `INSERT` tí a fi `ROLLBACK` fagi lé ló ń jẹ nọ́ńbà kan lọ, gbogbo `INSERT ... ON CONFLICT DO NOTHING` tó bá ìjà pàdé náà ń jẹ ẹ́. Tábìlì tó ní ìlà 300 mílíọ̀nù lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo nọ́ńbà rẹ̀ tán.

Àyẹ̀wò tí a kọ́kọ́ fi han èrò:

```
SELECT sequencename, last_value,
       round(100.0 * last_value / 2147483647, 1) AS ogorun
FROM pg_sequences
WHERE data_type = 'integer'::regtype
ORDER BY 3 DESC NULLS LAST;
```

Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀. Ṣáájú PostgreSQL 10, `bigint` ni gbogbo sequence (ohun tó ń pín nọ́ńbà fún òpó), kódà bí òpó tó ń lò ó bá jẹ́ `integer`. Tábìlì tó ti ìgbà yẹn bọ̀ kò ní hàn nínú àyẹ̀wò yìí, àṣìṣe tí yóò sì fọ̀ yàtọ̀: `integer out of range`. Irú òpó náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ohun èlò

Láptọ́ọ̀pù kan, PostgreSQL 16, ààyè 10 GB lórí SSD. Ohun gbogbo wà lórí láptọ́ọ̀pù yẹn. A kò fi nǹkan kan sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí Wi-Fi gbọ̀ngàn tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ń fà kì í ṣe ohun tí a ń gbọ́kàn lé.

```
CREATE TABLE isanwo (
  id serial PRIMARY KEY,
  akaunti integer NOT NULL,
  iye numeric(12,2) NOT NULL,
  igba timestamptz NOT NULL DEFAULT now());

INSERT INTO isanwo (akaunti, iye)
SELECT 1 + (random()*99999)::int, round((random()*9999)::numeric, 2)
FROM generate_series(1, 10000000);

VACUUM ANALYZE isanwo;
```

Mílíọ̀nù mẹ́wàá ìlà. Báìtì 48 ni ìlà kọ̀ọ̀kan, 157 nínú wọn ló ń gba ojú-ìwé 8 KB kan, nítorí náà tábìlì jẹ́ 498 MB, atọ́ka (index) `isanwo_pkey` sì jẹ́ 214 MB. Ó tóbi tó láti jẹ́ kí àṣẹ tí kò dára pẹ́ lójú èrò, ó sì kéré tó láti fi ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. `VACUUM` tó wà nísàlẹ̀ yẹn, àṣẹ tó ń gbá ìlà òkú kúrò nínú tábìlì, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Iṣẹ́ tó ń lọ lábẹ́lẹ̀, `sanwo.sql`, tí pgbench (ohun èlò PostgreSQL fún ìdánwò ìyára) ń pè léraléra:

```
\set a random(1, 100000)
INSERT INTO isanwo (akaunti, iye) VALUES (:a, 250.00);
```

```
pgbench -n -f sanwo.sql -c 8 -R 200 -T 1500 -P 1 afihan_1
```

`-n` nítorí pé láìsí i, pgbench yóò wá àwọn tábìlì tirẹ̀ láti fi vacuum gbá, kò ní rí wọn, yóò sì da àṣìṣe sójú ìwòran. `-R 200` ló ń dá ìyára dúró sí 200. `-P 1` ló ṣe pàtàkì jù: ó ń tẹ iye iṣẹ́ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, òun sì ni gbogbo ojú yóò máa wò.

Fèrèsé psql (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ sí PostgreSQL) mẹ́ta ló kù, A, B àti C, pẹ̀lú `\set PROMPT1 'A %x> '` àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. `%x` ń fi ìràwọ̀ hàn nígbà tí transaction (ìdìpọ̀ àṣẹ tí a ń parí tàbí fagi lé pa pọ̀) bá ṣí sílẹ̀, ó sì ń fi àmì ìyanu hàn bí ó bá ti bàjẹ́. Ẹni tó jókòó ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yóò rí i fúnra rẹ̀ pé A kò tíì parí iṣẹ́.

Kí nọ́ńbà tán lójú wọn

`SELECT setval('isanwo_id_seq', 2147483600);` Nọ́ńbà 47 ló kù. Bí pgbench bá ti gbéra, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá:

```
ERROR:  nextval: reached maximum value of sequence "isanwo_id_seq" (2147483647)
```

Nígbà ìdánrawò, a fi `BEGIN` àti `ROLLBACK` yí `setval` ká, a rò pé yóò padà sí ipò rẹ̀. Kò padà. Sequence kì í tẹ̀lé transaction. Àtúnṣe rẹ̀ ni `DELETE FROM isanwo WHERE id > 2000000000`, lẹ́yìn náà `setval` sí 10000000.

Ibí ni a ti máa ń dárúkọ oògùn ìgbà pàjáwìrì, fún ẹni tí nọ́ńbà tán mọ́ lọ́wọ́ ní òru:

```
ALTER SEQUENCE isanwo_id_seq MINVALUE -2147483648 RESTART WITH -2147483648;
```

Òpó náà kò yí padà, nọ́ńbà bílíọ̀nù méjì mìíràn sì ti wọlé, ní apá òdì. Ó dára bí kò bá sí ibì kankan nínú ètò yín tó gbà pé id tó pọ̀ jù ló jẹ́ tuntun jù. Bí `ORDER BY id DESC` bá wà nínú rẹ̀, ẹ múra de ẹjọ́.

Láìnì

Ìdí tí a fi kọ́ àfihàn yìí nìyí. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé `ALTER TABLE isanwo ALTER id TYPE bigint` yóò tún tábìlì kọ látòkèdélẹ̀, yóò sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa títí yóò fi parí. Ohun tí wọn kì í rò ni pé `ADD COLUMN`, tí kò ju ìdá ẹgbẹ̀rún díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá lọ, lè dá gbogbo iléeṣẹ́ dúró.

Fèrèsé A:

```
BEGIN;
SELECT count(*) FROM isanwo WHERE id < 100;
```

A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. pgbench kò mira, 200 ni ó ń tẹ̀ jáde. Fèrèsé B:

```
ALTER TABLE isanwo ADD COLUMN id_tuntun bigint;
```

Lójú ẹsẹ̀, pgbench bọ́ sí 0.0 tps (iye transaction ní ìṣẹ́jú àáyá kan). 0.0. 0.0. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó.

Ẹni tó bá ti tò sílé epo rí yóò yé e kíákíá. Ọkọ̀ kan ń ra epo lọ́wọ́. Tánkà dé, ó fẹ́ já epo, kò sì lè já a títí gbogbo ọkọ̀ yóò fi jáde. Àwọn ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn tánkà kò lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, bí ẹnu ẹ̀rọ epo mẹ́ta tilẹ̀ ṣófo. `SELECT` inú A kò dí `INSERT` lọ́wọ́, àgádágodo wọn kò bára jà. `ALTER` tó dúró láàárín wọn ló dí ọ̀nà: ó ń béèrè ACCESS EXCLUSIVE, àgádágodo tí kì í gba ẹlòmíràn láyè rárá, kò tíì rí i gbà, ẹni tó bá sì dé lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tò.

Fèrèsé C ló ń fi ẹni tó dí ẹni hàn:

```
SELECT pid, pg_blocking_pids(pid), state, left(query, 40)
FROM pg_stat_activity WHERE datname = 'afihan_1';
```

A tẹ `COMMIT` ní A, ohun gbogbo tú. Nígbà yìí pgbench yóò fò sókè ju 200 lọ fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe àléébù: `-R` ní àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lé gbèsè tó jẹ bá. Ẹnìkan nínú gbọ̀ngàn yóò béèrè, nítorí náà ẹ sọ ọ́ kó tó béèrè.

lock_timeout tí kò ṣiṣẹ́

Oògùn láìnì ni kí `ALTER` má dúró pẹ́: kó gbìyànjú, kó yẹra, kó padà wá. A fi `SET lock_timeout = '500ms'` (àkókò tó lè fi dúró de àgádágodo) sí i, pẹ̀lú ìwé àṣẹ (script) kan tó ń tún un gbìyànjú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta. Nínú ìdánrawò lórí tábìlì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, gbogbo ìgbìyànjú ló ń já: `canceling statement due to lock timeout`, léraléra, bẹ́ẹ̀ ni kò sí transaction kankan tó ṣí sílẹ̀ ní A.

Autovacuum, `VACUUM` tí PostgreSQL ń ṣe fúnra rẹ̀, ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Láti PostgreSQL 13 ni ìlà tuntun tó pọ̀ ti lè pe autovacuum jáde, kódà bí a kò bá pa ìlà kankan rẹ́. Mílíọ̀nù mẹ́wàá ìlà sì tó láti pè é láàárín ìṣẹ́jú kan. Autovacuum a máa yẹra fún ẹni tó bá fẹ́ àgádágodo tó lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í yẹra lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń dúró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró tó `deadlock_timeout`, tó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 1 bí a kò bá yí i padà, kó tó di pé PostgreSQL wò ó pé autovacuum ló dí i, kó sì lé e kúrò. `ALTER` tó ń sá lọ lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kò ní dúró pẹ́ tó láé.

Ọ̀nà àbáyọ méjì, a sì lo méjèèjì: `lock_timeout` di `2s`, a sì ń fi ọwọ́ ara wa ṣe `VACUUM` ṣáájú àfihàn. Autovacuum tí a kọ `to prevent wraparound` sí lára (èyí tó ń dènà kí nọ́ńbà transaction tán) kò ní yẹra fún ẹnikẹ́ni o. Ìyẹn, ẹ jẹ́ kó parí.

Dídà nọ́ńbà kọ sí òpó tuntun

Trigger (iṣẹ́ tó ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ìlà bá wọlé tàbí tó yí padà) ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí àdàkọ tó tẹ̀lé e. Bí a bá yí i padà, ìlà tó wọlé láàárín méjèèjì yóò ṣófo.

```
CREATE FUNCTION dako_id() RETURNS trigger LANGUAGE plpgsql AS $$
BEGIN NEW.id_tuntun := NEW.id; RETURN NEW; END $$;

CREATE TRIGGER dako_id BEFORE INSERT OR UPDATE ON isanwo
FOR EACH ROW EXECUTE FUNCTION dako_id();

CREATE PROCEDURE dako(ibere bigint, opin bigint) LANGUAGE plpgsql AS $$
BEGIN
  WHILE ibere <= opin LOOP
    UPDATE isanwo SET id_tuntun = id
    WHERE id BETWEEN ibere AND ibere + 9999 AND id_tuntun IS NULL;
    COMMIT;
    PERFORM pg_sleep(0.05);
    ibere := ibere + 10000;
  END LOOP;
END $$;
```

Ìpín 1,000 ni mílíọ̀nù mẹ́wàá ìlà. Ìsinmi àárín wọn nìkan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 50, nítorí náà a kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lórí pèpéle. `CALL dako(1, 200000)` ni a ń fi han, ìpín ogún péré. Ẹ má pe e nínú `BEGIN`. `COMMIT` tó wà nínú rẹ̀ yóò kọ̀, yóò ní `invalid transaction termination`.

Gbogbo `UPDATE` ní PostgreSQL jẹ́ ìlà tuntun, tí ti àtijọ́ sì di òkú síbẹ̀. Ojú-ìwé wa ti kún dẹ́nu, kò sí ààyè fún ìlà tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́, nítorí náà ó ń lọ sí ojú-ìwé mìíràn, gbogbo atọ́ka sì gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀. Báìtì 56 ni ìlà kọ̀ọ̀kan báyìí, 136 sí ojú-ìwé kan. Bí a bá ṣe gbogbo ìpín 1,000 láìgbá ilẹ̀, tábìlì 498 MB yóò kọjá 1 GB. A ń dúró lẹ́yìn ìpín 100 kọ̀ọ̀kan, a ń ṣe `VACUUM isanwo`, ààyè òkú yẹn sì ń di ààyè fún ìpín tó kàn. Níbi iṣẹ́ gidi tó ní replica (sáfà ẹ̀dà tó ń tẹ̀lé ti àkọ́kọ́), ẹ wo `replay_lag` nínú `pg_stat_replication` láàárín ìpín. Bí ó bá ń ga sí i, ẹ fa ìsinmi gùn.

Kí ó má baà jẹ́ pé èrò ń wo ohun tó ń yí lọ, a ṣe dátábéésì mẹ́ta: `afihan_1` tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, `afihan_2` tí òpó àti trigger ti wà, `afihan_3` tí àdàkọ ti parí. `CREATE DATABASE afihan_2 TEMPLATE afihan_1` ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú `afihan_1` nígbà náà. Fèrèsé psql kan tí a gbàgbé tó láti mú un kọ̀.

Atọ́ka àti NOT NULL

```
CREATE UNIQUE INDEX CONCURRENTLY isanwo_id_tuntun_idx ON isanwo (id_tuntun);
```

Àṣẹ yìí ń dúró de transaction tó ti kọ nǹkan sí tábìlì tí kò sì tíì parí. Bí ẹ bá fi sùúrù tó tán tẹ Ctrl-C, atọ́ka ààbọ̀ yóò kù síbẹ̀, `\d isanwo` yóò kọ `INVALID` sí i lára. Kò wúlò fún ìwákiri, síbẹ̀ gbogbo `INSERT` ń sanwó orí rẹ̀. `DROP INDEX CONCURRENTLY`, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

```
ALTER TABLE isanwo ADD CONSTRAINT kosofo CHECK (id_tuntun IS NOT NULL) NOT VALID;
ALTER TABLE isanwo VALIDATE CONSTRAINT kosofo;
ALTER TABLE isanwo ALTER id_tuntun SET NOT NULL;
ALTER TABLE isanwo DROP CONSTRAINT kosofo;
```

Ó dà bí àyípoyípo, ṣùgbọ́n `VALIDATE` ni àṣẹ tó ń ka gbogbo tábìlì, kì í sì í dí `INSERT` lọ́wọ́. Láti PostgreSQL 12, `SET NOT NULL` tó bá rí `CHECK` tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò ní ka tábìlì mọ́. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí yóò san án nígbà ìpààrọ̀, lábẹ́ àgádágodo.

Ìpààrọ̀

```
BEGIN;
SET LOCAL lock_timeout = '2s';
LOCK TABLE isanwo IN ACCESS EXCLUSIVE MODE;
DROP TRIGGER dako_id ON isanwo;
ALTER TABLE isanwo DROP CONSTRAINT isanwo_pkey;
ALTER TABLE isanwo RENAME id TO id_atijo;
ALTER TABLE isanwo RENAME id_tuntun TO id;
ALTER TABLE isanwo ALTER id SET DEFAULT nextval('isanwo_id_seq'),
  ALTER id_atijo DROP DEFAULT, ALTER id_atijo DROP NOT NULL;
ALTER SEQUENCE isanwo_id_seq AS bigint OWNED BY isanwo.id;
ALTER TABLE isanwo ADD CONSTRAINT isanwo_pkey
  PRIMARY KEY USING INDEX isanwo_id_tuntun_idx;
COMMIT;
```

Ìlà `ALTER SEQUENCE` ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, ó sì ní ìyà méjì nínú. Bí `AS bigint` kò bá sí, òpó ti gbòòrò ṣùgbọ́n sequence yóò ṣì dúró ní 2,147,483,647, gbogbo iṣẹ́ yìí já sí asán. Bí `OWNED BY` ni kò sí, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ju `id_atijo` nù, PostgreSQL yóò ní nǹkan mìíràn rọ̀ mọ́ ọn. Ẹnìkan yóò wá fi `CASCADE` sí i. Sequence lọ, default `id` náà lọ, gbogbo `INSERT` tó tẹ̀lé e yóò sì máa já nítorí pé `id` ṣófo.

Tábìlì wa kò ní foreign key (òpó tábìlì mìíràn tó ń tọ́ka sí id rẹ̀). Níbi iṣẹ́ ó máa ń ní, `DROP CONSTRAINT isanwo_pkey` kò sì ní gbà níwọ̀n ìgbà tí tábìlì mìíràn bá ń tọ́ka sí i. Òpó àwọn tábìlì tó ń tọ́ka yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ di `bigint`, kí ẹ wá yọ foreign key nínú transaction yìí, kí ẹ dá a padà pẹ̀lú `NOT VALID`, kí `VALIDATE` tẹ̀lé e lẹ́yìn `COMMIT`.

Apá ètò tó ń lo dátábéésì náà ní tirẹ̀. Prepared statement (àṣẹ tí a ti tò sílẹ̀ ṣáájú láti máa tún lò) tó ń dá `id` padà lè fọ̀ pé `cached plan must not change result type` lẹ́yìn ìpààrọ̀. Kí ẹ tún ìsopọ̀ bẹ̀rẹ̀ ló ń wò ó sàn. node-postgres, ohun tí JavaScript fi ń bá PostgreSQL sọ̀rọ̀, ń dá `bigint` padà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe nọ́ńbà, nítorí náà `id === 5` yóò di irọ́. Nínú Java, `getInt` yóò máa ṣiṣẹ́ lọ dáadáa títí nọ́ńbà yóò fi kọjá ààlà, níbẹ̀ ni yóò ti ṣubú. Lórí sáfà ìdánwò, ẹ ṣe `setval('isanwo_id_seq', 3000000000)`, kí ẹ jẹ́ kí ètò náà lo ọjọ́ kan lórí rẹ̀.

Orí pèpéle

A kì í tẹ àṣẹ lọ́wọ́ níbẹ̀. `01.sql` dé `09.sql`, `\i` ló ń pè wọ́n. `\pset pager off`, nítorí pager tó bá gba ojú ìwòran nígbà tí èrò ń wò, ìka a máa gbọ̀n kí a tó rántí `q`. Àwọ̀ dúdú lórí funfun, lẹ́tà 24 ó kéré tán; ojú ìwòran dúdú tó rẹwà nínú yàrá kì í hàn níbi tí oòrùn bá ń gba fèrèsé wọlé. Wi-Fi pípa, ìfitónilétí pípa, wáyà iná nínú ògiri. Fídíò àfihàn kan náà wà lórí láptọ́ọ̀pù àti lórí fláàṣì, fún ọjọ́ tí HDMI bá ṣorí kunkun.

Níbi tí wọ́n bá ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, bíi FOSDEM ní Brussels, gbohùngbohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ló ń wọ fídíò lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ tún ìbéèrè sọ kí ẹ tó dáhùn.

Ìbéèrè kan kì í ṣaláì wáyé: ṣé `bigint` kò ní sọ atọ́ka di ìlọ́po méjì? A pa ìdáhùn rẹ̀ mọ́ sínú `09.sql`. `pg_relation_size` ti `isanwo_pkey` nínú `afihan_1`, kí pgbench tó fọwọ́ kàn án: 214 MB. Ti atọ́ka tuntun nínú `afihan_3`: 214 MB. Báìtì 8 ni àmì iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan nínú atọ́ka, `integer` fi 4 kún un di 12, PostgreSQL sì ń fi òfo gbé e dé 16. `bigint` kàn jókòó sínú òfo yẹn ni.